Ọ̀nà Kan Kò Wọjà: Àgbéyẹ̀wò Ohun Tí A Lè Ṣe Sí Àwọn Bọ́ọ̀tì Tí Ń Ya Wọ Ìkànnì Kéékèèké

Nínú ìtàn tí Samuel Johnson kọ sílẹ̀ nípa àwọn Yorùbá, a kà á pé Aláàfin Kórì ni ó rán Tìmì, ọdẹ atamátàsé, Ọlọ́fà Iná, wá sí ilẹ̀ tí a ń pè ní Ẹ̀dẹ̀ Màpó Àrógun lónìí, kí ó lè máa ṣọ́ ọ̀nà fún àwọn oníṣòwò tí ń ná ọjà Àpòmù, nítorí pé àwọn ajínigbé kò jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀nà lọ, rí ọ̀nà bọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ olùṣọ́nà, nítorí ẹni tí a ní kí ó lé olè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ olè yàtọ̀ sí èrò ọjà. Bí ó bá sì dí ọ̀nà mọ́ gbogbo ẹni tí ń bọ̀, olè lè má rí nǹkan jí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjà náà yóò tú. Ìṣòro yìí gan-an ni ó dojú kọ ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìkànnì kékeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì lóde òní, ìbáà ṣe ilé-ìwé aládàáni, ìbáà ṣe aláṣọ, ìbáà ṣe ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, ìbáà ṣe mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìlú Ẹ̀dẹ̀ kò ṣe aláìní àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ti ìjọba àpapọ̀ ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1992, Yunifásítì Adeleke bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2011, Yunifásítì Redeemer's sì kó wá síbẹ̀ ní ọdún 2012. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ̀ bí a ti ń kọ́ ìkànnì kò sì wọ́n nígboro. Ṣùgbọ́n bí ìkànnì ti ń pọ̀ sí i ni àwọn àlejò tí kì í ṣe ènìyàn ń pọ̀ sí i. Ilé-iṣẹ́ Imperva kéde ní ọdún 2025 pé nínú gbogbo ìbẹ̀wò tí a ṣe sí orí ìkànnì ní ọdún 2024, ìdá 51 nínú 100 ni ó ti ọwọ́ ẹ̀rọ wá, àti pé ìdá 37 jẹ́ ti àwọn ẹ̀rọ aṣebi. Ó tọ́ kí a rántí pé ààbò ni ilé-iṣẹ́ yìí ń tà, nítorí náà kò lè ṣe aláìní èrè nínú ìbẹ̀rù wa. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó ń tọ́jú ìkànnì tí yóò sọ pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ náà láti òkè délẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni ohun tí ó yẹ kí a ṣe. A ó gbé ìmọ̀ràn wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Irú àlejò tí a ń sọ

Bọ́ọ̀tì ni ètò kọ̀ǹpútà tí ń lọ láti ìkànnì dé ìkànnì láìsí ènìyàn tí ń tẹ bọ́tìnì fún un. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó burú. Googlebot ni ó ń ka ojú-ìwé wa kí ẹni tí ń wá nǹkan lórí Google tó lè rí wa. Àwọn mìíràn ń kó ọ̀rọ̀ jọ láti fi kọ́ àwọn ẹ̀rọ tí ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Irú rẹ̀ ni GPTBot, tí ilé-iṣẹ́ OpenAI kéde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Àwọn mìíràn ń wá ibi tí ààbò ti mẹ́hẹ, àwọn mìíràn sì ń kọ ìsọkúsọ kún inú fọ́ọ̀mù tí a ṣe fún àwọn oníbàárà. Gbogbo aláǹgbá ni ó da inú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Ibi tí a ti lè bẹ̀rẹ̀ sí mọ̀ ọ́n ni ìwé àkọsílẹ̀ tí sáfà, ẹ̀rọ tí ìkànnì wà lórí rẹ̀, ń kọ fúnra rẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ máa ń gbé àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì àlejò, ọjọ́ àti wákàtí, ojú-ìwé tí ó béèrè, nọ́ńbà èsì tí a fún un, àti orúkọ tí àlejò náà pe ara rẹ̀. Bí ìkànnì kan kò bá lo WordPress, ètò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń kọ́ ìkànnì, rárá, tí àlejò kan sì béèrè /wp-login.php, tí ó béèrè /xmlrpc.php kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó kọjá, tí ó sì tún béèrè /.env, fáìlì tí àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà máa ń kó ọ̀rọ̀ aṣínà sí, tí sáfà sì ń fi 404, 404, 404 dá a lóhùn pé kò sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ níhìn-ín, kí ẹnikẹ́ni má tún wádìí mọ́: kì í ṣe ènìyàn, kì í sì í ṣe àlejò rere. Ṣùgbọ́n orúkọ tí àlejò pe ara rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí pé kò sí ohun tí ó ní kí aṣebi má pe ara rẹ̀ ní Googlebot. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́ yóò béèrè orúkọ tí a fi àdírẹ́sì náà sílẹ̀ sí. Bí ó bá parí sí googlebot.com tàbí google.com, tí orúkọ náà sì tún tọ́ka padà sí àdírẹ́sì kan náà, òun ni. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹlẹ́tàn ni.

Àwọn tí ó ní kí a fi wọ́n sílẹ̀

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ ni pé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tó ohun tí à ń yọ àdá bẹ́. Àwọn tí ó di èyí mú sọ pé bí a bá ń sọ ètò ìkànnì di tuntun lásìkò, tí ọ̀rọ̀ aṣínà wa sì gbópọn, bọ́ọ̀tì tí ń béèrè ohun tí kò sí kò lè rí nǹkan mú lọ, èsì 404 kò sì ná wa ní ohun tí ó tó nǹkan. Agbára ìmọ̀ràn yìí ni pé kò gba owó, kò gba àkókò, kò sì ṣẹ aláìṣẹ̀.

Àléébù rẹ̀ hàn nígbà tí ẹrù bá pọ̀. Ilé-iṣẹ́ tí a ti ra ààyè fún ìkànnì sábà máa ń fi òdiwọ̀n sí dátà tí a lè lò lóṣù, owó ìkànnì mìíràn sì jẹ́ dọ́là, tí náírà kò lè bá figagbága. Read the Docs, ìkànnì tí àwọn akọ̀wé ètò kọ̀ǹpútà ń lò, ròyìn ní ọdún 2024 pé bọ́ọ̀tì kan ṣoṣo kó dátà tí ó tó terabáìtì 73 nínú oṣù Karùn-ún ọdún náà, owó rẹ̀ sì lé ní 5,000 dọ́là. Yàtọ̀ sí owó, bọ́ọ̀tì máa ń ba ìṣirò jẹ́: aláṣọ tí ó rò pé ẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó wo ọjà òun lè lọ ra ọjà kún ọjà nítorí àwọn tí kò ní ọrùn tí wọn yóò fi wọ aṣọ. Nítorí náà ni àwọn alátakò fi ń sọ pé kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, nítorí bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Àwọn tí ó gbójú lé ìwé ìkìlọ̀

Ní ọdún 1994, Martijn Koster dá a lábàá pé kí ìkànnì kọ̀ọ̀kan ní fáìlì kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ robots.txt, níbi tí onílé yóò ti sọ fún bọ́ọ̀tì ibi tí ó lè wọ̀ àti ibi tí kò gbọdọ̀ dé. Ó di ìlànà gbogbo ayé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, lábẹ́ orúkọ RFC 9309. Iyì rẹ̀ ni pé kò ná ni ní kọ́bọ̀, ìlà mẹ́ta mẹ́rin ni a ó kọ, àwọn bọ́ọ̀tì ńláńlá tí ó ní orúkọ láti dáàbò bò sì sábà máa ń pa á mọ́.

Ṣùgbọ́n ìlànà náà fúnra rẹ̀ sọ ọ́ kedere pé ohun tí a kọ síbẹ̀ kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Aṣebi kì í ka ìkìlọ̀. Bí ó bá tilẹ̀ kà á, ó lè jẹ́ pé ibi tí a ní kí ó má dé ni yóò kọ́kọ́ yà sí. Nítorí náà, ìwé ìkìlọ̀ yanjú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọlúàbí láàrin bọ́ọ̀tì, ó sì fi àwọn tí ó ń yọ wá lẹ́nu jù sílẹ̀ bí wọ́n ti wà.

Àwọn tí ó ní kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ àdírẹ́sì

Ẹgbẹ́ yìí pọ̀ láàrin àwọn tí ń tọ́jú sáfà. Ìlànà wọn ni pé kí a máa wo ìwé àkọsílẹ̀, kí a sì ti àdírẹ́sì tí ó bá hùwà ìbàjẹ́ mọ́ ìta, yálà pẹ̀lú ọwọ́ tàbí pẹ̀lú ètò bíi Fail2ban, tí ń ka àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀, tí ó sì ń lé ẹni tí ó bá gbìyànjú ọ̀rọ̀ aṣínà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀márùn-ún tí kò tọ̀nà. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń ti odidi orílẹ̀-èdè mọ́ta. Kì í ṣe ìbẹ̀rù lásán ni ó ń sún wọn: lẹ́yìn ìdìbò gómìnà ní Èkìtì àti ní Ọ̀ṣun tiwa yìí ní ọdún 2022, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mahmood Yakubu, alága àjọ elétò ìdìbò INEC nígbà náà, sọ pé àwọn kan gbìyànjú láti já wọ ìkànnì tí a ti ń wo èsì ìdìbò, àti pé ibi tí ó jìnnà bí ilẹ̀ Éṣíà ni àwọn kan nínú wọn ti wá. Ohun tí ó dára nínú ọ̀nà yìí ni pé ó yá, ó rọrùn láti yẹ̀ wò, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáradára sí aṣebi tí kò ní ju àdírẹ́sì kan lọ.

Àléébù rẹ̀ kan àwa ará ilẹ̀ yìí ju bí ó ti kan ẹlòmíràn lọ. Àdírẹ́sì irú ti àtijọ́ tí a ń pè ní IPv4 kò ju bílíọ̀nù 4.3 lọ ní gbogbo ayé, bẹ́ẹ̀ ni fóònù nìkan ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù máa ń kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Bí ọmọ ilé-ìwé kan bá fi fóònù tí kòkòrò ẹ̀rọ ti wọ̀ jókòó ní ọjà Òwódé, tí a sì ti àdírẹ́sì tí ó gbà wọlé mọ́ta, ìyá tí ó fẹ́ san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ láti apá ibòmíràn nínú ìlú lè bá ilẹ̀kùn ní títì, kò sì ní mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí òun ṣẹ̀. Aṣebi gidi ní tirẹ̀ ti mọ bí a ti ń yá àdírẹ́sì ilé àwọn aláìmọ̀kan lò ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí yóò sì máa pààrọ̀ wọn ní ìbẹ̀wò kọ̀ọ̀kan. Ní ti títi orílẹ̀-èdè pa, àwa ọmọ Nàìjíríà ti mọ̀ ọ́n lára, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ilẹ̀ òkèèrè ni ó ti ti gbogbo wa mọ́ ìta nítorí ìwà àwọn díẹ̀. Bí ìkànnì ẹgbẹ́ ọmọ Ẹ̀dẹ̀ bá sì ti ilẹ̀ òkèèrè mọ́ta, ọmọ Ẹ̀dẹ̀ tí ó wà ní Kùmásì, ní Àbíjàn tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

Àwọn tí ó ní kí a dán àlejò wò

Ẹgbẹ́ kẹrin ní kí a má wo ibi tí àlejò ti wá, kí a fún un ní ìdánwò tí ènìyàn lè ṣe tí ẹ̀rọ kò lè ṣe. Láti ọ̀dọ̀ Luis von Ahn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Carnegie Mellon ni orúkọ náà CAPTCHA ti wá. Google ra èyí tí a ń pè ní reCAPTCHA ní ọdún 2009, òun sì ni ó ń ní kí a máa fi ìka tọ́ka sí àwòrán bọ́ọ̀sì àti iná ojú pópó. Fún fọ́ọ̀mù tí ìsọkúsọ ń kún, ìdánwò yìí ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn là.

Síbẹ̀, ìdánwò náà ti ń dà rú mọ́ àwọn olùdánwò lọ́wọ́. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì California ní Irvine gbé jáde ní ọdún 2023 fi hàn pé bọ́ọ̀tì ń yanjú ọ̀pọ̀ irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kíákíá, ó sì ń tọ̀nà ju ènìyàn lọ. Àwọn tí ojú ń dùn àti àwọn àgbàlagbà ni ó wá ń ṣubú. Nítorí èyí ni àwọn kan fi yí sí ọ̀nà mìíràn tí Cynthia Dwork àti Moni Naor ti ronú kàn láti ọdún 1992, ìyẹn ni pé kí a fún ẹ̀rọ àlejò ní ìṣirò kan ṣe kí ó tó wọlé. Ẹni tí ń ka ojú-ìwé kan kò ní mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n ẹni tí ń kó mílíọ̀nù ojú-ìwé yóò san án lówó iná. Ètò Anubis, tí Xe Iaso gbé jáde ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, ni ó sọ èyí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Kò béèrè pé kí ojú ríran dáadáa, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n fóònù olówó pọ́ọ́kú, tí ó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa, máa ń pẹ́ nídìí ìṣirò náà, ó sì ń jẹ bátìrì, nígbà tí ẹ̀rọ ńlá tí aṣebi olówó ń lò kò ní tilẹ̀ mí kanlẹ̀.

Àwọn tí ó ní kí a fi ẹnu ọ̀nà lé alágbára lọ́wọ́

Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà, ni àwọn ẹgbẹ́ yìí ń wí. Ojú ìkànnì kékeré kan kò tó ohun gbogbo rí, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ bíi Cloudflare, tí ó ń dúró láàrin àlejò àti ìkànnì ní mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù, máa ń dá aṣebi mọ̀ láti ara ohun tí ó ti ṣe níbòmíràn. Ó ní ètò ọ̀fẹ́ fún ẹni kékeré, ó ní ẹ̀rọ tí ó fi ń dáhùn láti Èkó, èyí tí ó ń mú kí ojú-ìwé yára ṣí. Láti oṣù Keje ọdún 2025 ni ó sì ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn bọ́ọ̀tì tí ń kó ọ̀rọ̀ fún ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá lórí àwọn ìkànnì tuntun tí ó bá wọ abẹ́ rẹ̀, àyàfi bí onílé bá gbà wọ́n láàyè. Bí a bá wo ààbò nìkan, kò sí ọ̀nà tí ó fún ẹni tí kò lówó ní ohun tí ó pọ̀ tó báyìí.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹni tí ó fi ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ti fi àṣẹ ilé lé e lọ́wọ́. Ẹni tí ẹ̀rọ ìlú òkèèrè náà bá kà sí aṣebi, aṣebi ni, onílé kò sì lè mọ ìdí rẹ̀ tán. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá sì ṣubú, gbogbo àwọn tí ó fara tì í yóò bá a ṣubú: ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, àìmọye ìkànnì káàkiri ayé ni kò ṣeé ṣí fún wákàtí mélòó kan, ohun tí ó sì fà á ni fáìlì kan tí ó tóbi kọjá ààlà nínú ètò náà gan-an tí Cloudflare fi ń dá bọ́ọ̀tì mọ̀.

Àwọn tí ó ní kí a dẹ pàkúté

Àwọn wọ̀nyí kéré, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wọn jinlẹ̀. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni pé kí a fi àlàfo kan pamọ́ sínú fọ́ọ̀mù, tí ojú ènìyàn kò lè rí. Bọ́ọ̀tì tí ń kọ nǹkan sí gbogbo àlàfo yóò kọ sí i, yóò sì tú àṣírí ara rẹ̀. Èyí kò ná ni ní nǹkan, kì í sì í sábà ni ènìyàn lára, bí a bá ti rántí kọ ọ́ lọ́nà tí ẹ̀rọ tí ń kàwé fún afọ́jú yóò fi fò ó. Èyí tí ó le jù ni pàkúté aláìlópin, bíi Nepenthes àti AI Labyrinth ti Cloudflare, tí àwọn méjèèjì jáde ní ọdún 2025, tí ń fún bọ́ọ̀tì ní ojú-ìwé asán lẹ́yìn ojú-ìwé asán kí ó má baà rí ọ̀nà jáde. Ó ń fi àkókò aṣebi ṣòfò lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí orí sáfà tiwa fúnra wa ni a dẹ ẹ́ sí, agbára tiwa náà ni a ń ná. Bí a kò bá sì ṣọ́ra, bọ́ọ̀tì rere lè kó sínú rẹ̀, kí orúkọ ìkànnì wa sì lọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ń wá wa.

Àwọn tí ó ní kí a tún ilé ara wa ṣe

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ yìí ní kí a má lé bọ́ọ̀tì kiri, kí a mú kí ìbẹ̀wò rẹ̀ má lè pa wá lára: kí a máa tọ́jú ẹ̀dà ojú-ìwé tí a ti sè tán, kí sáfà má baà tún un sè fún àlejò kọ̀ọ̀kan, kí a fi òdiwọ̀n sí iye ìgbà tí àlejò kan lè béèrè nǹkan láàrin ìṣẹ́jú kan, kí a sì yọ gbogbo àfikún ètò tí a kò lò kúrò. Ó wúlò fún ìkànnì tí kì í yí padà lójoojúmọ́, ó sì ṣe olóòótọ́ àlejò ní àǹfààní pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ àti ojú-ìwé tí a ti ń wo èsì ìdánwò kò ṣeé sè sílẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni àwọn aṣebi sì fẹ́ràn jù.

Àwọn tí ó gbójú lé òfin

Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà, tí a tún ṣe ní ọdún 2024, ka wíwọ inú kọ̀ǹpútà láìgbàṣẹ àti dídí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ó dára kí òfin wà; àkọsílẹ̀ tí a tọ́jú dáadáa sì lè di ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n òfin kò ní apá tí ó gùn dé ilẹ̀ tí a kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kíkó ojú-ìwé tí a ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé kò fi bẹ́ẹ̀ jọ fífọ́lé. Òfin ọdún 2023 lórí dátà ara ẹni sì ka àmì ìdánimọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ irú dátà bẹ́ẹ̀, nítorí náà àwa tí ń kó àdírẹ́sì àlejò jọ pẹ̀lú ní ojúṣe láti ṣọ́ ohun tí a kó.

Ohun tí kò tíì yanjú

Láti inú gbogbo èyí, ó hàn pé kò sí ọ̀kan tí ó tó dá dúró, kò sì sí ọ̀kan tí kò ní ibi tí ó ti wúlò. Títún ilé ẹni ṣe, ìwé ìkìlọ̀ àti àlàfo tí a fi pamọ́ sínú fọ́ọ̀mù kì í sábà ṣẹ aláìṣẹ̀. Títi àdírẹ́sì, ìdánwò àti fífi ẹnu ọ̀nà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ lágbára jù, ṣùgbọ́n àlejò tí ó jẹ́ ènìyàn ni ó máa ń san nínú owó wọn. Èrò tèmi ni pé kí a tó ti ẹnikẹ́ni mọ́ ìta, kí a kọ́kọ́ ka àkọsílẹ̀, nítorí pé bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.

Àwọn ìbéèrè mẹ́ta ni ó ṣẹ́kù. Èkíní, a kò tíì mọ ọ̀nà tí a ó fi dá bọ́ọ̀tì mọ̀ nígbà tí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí rán ẹ̀rọ láti bá a ra ọjà, kí ó sì bá a san owó, tí ẹ̀rọ sì di ìránṣẹ́ oníbàárà tòótọ́. Èkejì, a kò tíì rí ìlànà tí yóò mú kí ilé-iṣẹ́ tí ń jẹ èrè lára ọ̀rọ̀ tí ó kó jọ san nínú owó tí ìkànnì kékeré ń ná lé bọ́ọ̀tì wọn lórí. Ẹ̀kẹta, èyí tí ó kàn wá jù, ni ọ̀rọ̀ èdè wa: ojú-ìwé tí a fi Yorùbá kọ kò pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí a bá sì ti gbogbo wọn mọ́ bọ́ọ̀tì, àwọn ẹ̀rọ tí ayé ń bọ̀ wá lò kò ní gbọ́ èdè wa, bí a bá sì ṣí wọn sílẹ̀ gbayawu, iṣẹ́ àwọn tí ó fi òógùn ojú kọ wọ́n yóò di ohun tí ẹlòmíràn ń tà láìfún wọn ní nǹkan. Èyí kì í ṣe ìpinnu tí ẹni tí ń tọ́jú sáfà lè dá ṣe; àwọn òǹkọ̀wé, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àti àwọn ẹgbẹ́ ìlú wa ni ó yẹ kí wọ́n jókòó lé e lórí, wọn kò sì tíì ṣe bẹ́ẹ̀.